Bí a ṣe ń so omi, ojú ọjọ́, oko àti ọrọ̀ ajé pọ̀ sínú módẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá fẹ́ ṣe irú módẹ́ẹ̀lì yìí, ìyẹn ìṣirò tó ń fara wé bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an, sọ́fítíwíà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wá, wọ́n á ní ṣé WEAP ni kí n lò ni àbí SWAT, ṣé kí n lọ kọ́ Python kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ó ti pẹ́ tí àwọn tó mọ̀ nípa odò ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò omi, àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn mọ bí àgbàdo ṣe ń dàgbà, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé náà mọ ohun tó ń gbé owó ọjà sókè tó ń gbé e sódò. Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ ni oríkèé, ìyẹn ibi tí apá kan ti ń gbé nọ́mbà rẹ̀ lé apá kejì lọ́wọ́: mìlímítà òjò di kúbíìkì mítà omi, ọjọ́ di ọdún, agbègbè odò di agbègbè ìjọba, ìkórè di owó. Oríkèé yìí ni mo máa gbájú mọ́. Hẹ́kítà kan ṣoṣo la fi máa bẹ̀rẹ̀, ẹ sì lè ṣe ìṣirò rẹ̀ nínú Excel, kódà lórí bébà lásán.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wá ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ máa wúlò fún ẹnì kan

"Ipa àyípadà ojú ọjọ́ lórí iṣẹ́ àgbẹ̀" kì í ṣe ìbéèrè, àkọlé ni. Ìbéèrè ni kéèyàn sọ pé: tí òjò bá fi 10% dín, ṣé kí wọ́n kọ́ dáàmù tuntun ni, àbí kí wọ́n yí irúgbìn padà, àbí kí wọ́n fi owó yẹn ra oúnjẹ wọlé, èwo ló máa dín ìyà kù jù fún iye tí wọ́n bá ná? Ìbéèrè yẹn ló máa sọ fún yín bóyá ẹ nílò ìṣirò ojoojúmọ́ tàbí ti ọdọọdún, bóyá oko kan ló tó àbí gbogbo odò láti orísun dé ìsàlẹ̀, àti ta ni ẹni tó ń ṣe ìpinnu nínú módẹ́ẹ̀lì náà, ṣé àgbẹ̀ ni àbí ìjọba.

Lẹ́yìn náà ẹ mú bébà, ẹ ya àpótí mẹ́rin, ojú ọjọ́, omi, oko, ọrọ̀ ajé, kí ẹ fa ọfà láti ọ̀kan sí èkejì. Lórí ọfà kọ̀ọ̀kan ẹ kọ nǹkan mẹ́ta: orúkọ nọ́mbà tó ń kọjá níbẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, àti iye ìgbà tó ń yí padà. Bí àpẹẹrẹ, láti omi sí oko: omi tó wà ní gbòǹgbò, mìlímítà, ojoojúmọ́. Láti oko sí ọrọ̀ ajé: ìkórè, tọ́ọ̀nù lórí hẹ́kítà, ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn ìkórè. Ọfà tí ẹ ò bá rí nǹkan mẹ́ta yìí kọ sí lórí, ẹ má tíì kọ kóòdù kankan fún un o, torí ibẹ̀ gan-an ni módẹ́ẹ̀lì ti máa parọ́ fún yín láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Wàhálà ilẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Omi kò mọ ààlà ìjọba, ibi tí ilẹ̀ bá dà sí ló ń lọ, ṣùgbọ́n dátà ìkórè àti ti owó ọjà, agbègbè ìjọba ni wọ́n fi ń kó o jọ. Ohun tí àwọn tó ṣe módẹ́ẹ̀lì IMPACT ní IFPRI, àjọ tó ń ṣèwádìí lórí ètò oúnjẹ lágbàáyé, ṣe ni pé wọ́n gbé ààlà odò lé orí ààlà orílẹ̀-èdè, gbogbo ẹyọ kéékèèké tí ààlà méjèèjì bá gé jáde ni wọ́n wá ń ṣírò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè ṣe irú ẹ̀ nínú QGIS, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ fún máàpù, kò gba àkókò rárá, ó sì sàn ju kéèyàn kan fi ojú díwọ̀n pé ìdajì agbègbè yìí wà lábẹ́ odò yẹn.

Ìgbésẹ̀ 2: Dátà

Ọ̀fẹ́ pọ̀. Fún òjò, CHIRPS wà láti 1981, ó ń fún yín ní òjò ojoojúmọ́ lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 5 ní igun kọ̀ọ̀kan. Fún ooru, atẹ́gùn, ọ̀rinrin àti oòrùn, ERA5 ti ECMWF, àjọ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Yúróòpù, wà láti 1940. Fún ìkórè àti iye ilẹ̀ tí wọ́n gbìn ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, FAOSTAT, dátà FAO tó jẹ́ àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti 1961. Èyí tó máa ń ṣòroó rí ni ìwọ̀n omi odò àti owó ọjà agbègbè, ìyẹn ẹ máa ní láti lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀.

Kí ẹ tó lo dátà kankan, ẹ yà á sórí gíráàfù kí ẹ fi ojú ara yín wò ó. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú dátà òjò ni pé ọjọ́ tí wọn ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ ti di òdo. Ọjọ́ tí a ò wọn òjò àti ọjọ́ tí òjò ò rọ̀, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, tí ẹ bá sì pò wọ́n pọ̀, ọ̀dá tí kò ṣẹlẹ̀ rí ló máa yọ lójú módẹ́ẹ̀lì yín. Kí dátà ìpìlẹ̀ yín tó ọgbọ̀n ọdún tó bá ṣeé ṣe, 1991 sí 2020 ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń lò báyìí.

Ìgbésẹ̀ 3: Ìṣirò omi inú ilẹ̀

Ibí ni ká dúró pẹ́ díẹ̀ torí orí ẹ̀ ni gbogbo ìyókù dúró lé. Ilẹ̀ oko dà bí ìkòkò, ó ní ìwọ̀n tó lè gbà, tó bá ti kún, ohun tó kù á ṣàn dànù. Òjò àti omi tí a bù sí i ló ń wọlé. Ohun tó ń jáde jẹ́ mẹ́ta: àgbàrá tó ṣàn lọ lójú ilẹ̀, omi tó rì kọjá gbòǹgbò lọ sí abẹ́ ilẹ̀, àti èyí tí oòrùn ń fà gbẹ tí ewé náà sì ń mí jáde. Ìkẹta yìí ni wọ́n ń pè ní ET. Nítorí náà:

Omi òní = omi àná + òjò + omi tí a bù sí i − àgbàrá − omi tó rì − ET

Ká tó lọ síwájú, ẹ há ìyípadà yìí sórí: mìlímítà 1 lórí hẹ́kítà 1 jẹ́ kúbíìkì mítà 10, ìyẹn lítà 10,000. Òun ni oríkèé àkọ́kọ́, òun ló ń so èdè àwọn olójò pọ̀ mọ́ èdè àwọn olódò àti àwọn oníṣirò owó.

Fún ET, ìwé FAO kan tí wọ́n ń pè ní FAO-56, tó jáde ní 1998, ni gbogbo ayé ń tẹ̀lé. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò ETo, ìyẹn omi tí pápá koríko tí omi ò wọ́n máa lò lábẹ́ ojú ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn náà ẹ fi nọ́mbà irúgbìn yín tí wọ́n ń pè ní Kc sọ ọ́ di púpọ̀. Kc àgbàdo jẹ́ nǹkan bíi 0.3 nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, ó máa gùn dé 1.2 nígbà tó bá ti yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, á wá tún wálẹ̀ bó ṣe ń gbó. Tí ẹ bá ní dátà oòrùn, atẹ́gùn àti ọ̀rinrin, fọ́múlà Penman-Monteith ni kí ẹ lò fún ETo. Tó bá jẹ́ ooru nìkan lẹ ní, fọ́múlà Hargreaves wà:

ETo = 0.0023 × (ooru àárín + 17.8) × √(ooru tó ga jù − ooru tó kéré jù) × Ra

Ra ni agbára oòrùn tó ń dé òkè ojú ọ̀run níbi tí ẹ wà lọ́jọ́ yẹn, tí wọ́n ti sọ di mìlímítà omi, ó wà nínú tébù inú FAO-56. Ká ní ooru àárín jẹ́ 27°C, ìyàtọ̀ àárín ọ̀sán àti òru jẹ́ 12, Ra sì jẹ́ 15, ETo á jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 5.35 lójúmọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ gbé e lọ. Ká ní ìkòkò ilẹ̀ wa, dé ibi tí gbòǹgbò àgbàdo dé, lè gba omi mìlímítà 150 tí irúgbìn lè lò. Àgbàdo kì í dúró dìgbà tí gbogbo ẹ̀ bá tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jìyà, FAO-56 sọ pé tó bá ti lo nǹkan bíi 55% nínú ẹ̀ ni ìyà ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn 82.5 nínú 150. Ká ní lónìí, 60 ti dín nínú ìkòkò. Ọjọ́ mẹ́wàá tó ń bọ̀, ETo jẹ́ 5, Kc jẹ́ 1.2, ìyẹn 6 lójúmọ́, 60 lọ́jọ́ mẹ́wàá, òjò tó rọ̀ sì jẹ́ 25 péré. Ohun tó máa dín nípárí jẹ́ 60 + 60 − 25, ìyẹn 95. Ó ti kọjá 82.5, irúgbìn ti ń jìyà. Báwo ni ìyà náà ṣe tó? Omi tó kù, 55, ẹ pín in sí 67.5 tó jẹ́ ìwọ̀n omi tó wà nílẹ̀ gan-an nígbà tí ìyà bẹ̀rẹ̀, ẹ máa rí 0.81. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé àgbàdo náà ò lè mu 6 mọ́ lójúmọ́, nǹkan bíi 4.9 ló máa rí mu. Nínú Excel, ọjọ́ kan ìlà kan, ẹ jẹ́ kí nọ́mbà ìyà yìí máa padà bọ́ sínú ET ọjọ́ kejì, kí ẹ fà á wálẹ̀ títí dé ọjọ́ ìkórè.

Ẹ má lo ìpíndọ́gba oṣù fún apá yìí, ẹ jọ̀ọ́. Òjò 100 lóṣù kan lè jẹ́ pé ọjọ́ méjì ni gbogbo ẹ̀ fi rọ̀, tó bá sì jẹ́ pé ìkòkò ò lè gbà ju 40 mọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ti ṣàn lọ, ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ìyókù wá jẹ́ ọ̀gbẹlẹ̀ pátápátá. Lójú ìpíndọ́gba, oṣù yẹn dára. Lójú àgbàdo, kò dára rárá. Ojoojúmọ́ ló dáa jù, ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá ni kó pẹ́ jù.

Ìgbésẹ̀ 4: Omi di ìkórè

Fọ́múlà tó rọrùn jù wà láti 1979, FAO náà ló gbé e jáde, nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní FAO-33:

1 − (ìkórè gan-an ÷ ìkórè tó yẹ) = Ky × (1 − ET gan-an ÷ ET tó yẹ)

Ky ni nọ́mbà tó ń sọ bí àìtó omi ṣe ń dun irúgbìn kan tó. Ky àgbàdo fún gbogbo àsìkò jẹ́ 1.25, ti ọkà bàbà jẹ́ 0.9. Èyí tó bá ju 1 lọ, àdánù ìkórè ẹ̀ máa ń pọ̀ ju àdánù omi lọ. Tí àgbàdo wa bá nílò mìlímítà 500 láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin tó jẹ́ 400 ló rí, àdánù omi jẹ́ 20%, àdánù ìkórè á jẹ́ 25%. Oko tó yẹ kó mú tọ́ọ̀nù 6 wá á mú 4.5 wá.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí ìyà náà bọ́ sí ṣe kókó ju bó ṣe tó lọ. Nínú FAO-33 kan náà, Ky àgbàdo nígbà tó ń tanná jẹ́ 1.5, nígbà tó ń yọ ewé ó jẹ́ 0.4 péré. Àdánù omi 20% kan náà á gba 8% ìkórè tó bá bọ́ sígbà ewé, á gba 30% tó bá bọ́ sígbà ìtànná. Torí náà módẹ́ẹ̀lì tó kàn ń ro òjò gbogbo ọdún pọ̀ kò lè sọ fún àgbẹ̀ pé ó sàn kó fi ọjọ́ díẹ̀ sún ọjọ́ ìgbìn síwájú, bẹ́ẹ̀ ìpinnu tó rọrùn jù tó sì dín owó jù lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn.

Tí ẹ bá fẹ́ èyí tó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, módẹ́ẹ̀lì AquaCrop tí FAO gbé jáde ní 2009 ń ya omi tí ilẹ̀ ń pàdánù sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ewé ń mí jáde, àwọn módẹ́ẹ̀lì DSSAT àti APSIM sì tún ń ṣírò ajílẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Níbi tí ilẹ̀ ti ṣá, omi púpọ̀ sí i kò ní mú ìkórè pọ̀ sí i, torí oúnjẹ inú ilẹ̀ ló ń dí i lọ́wọ́. Tí ẹ ò bá fẹ́ lo módẹ́ẹ̀lì ńlá, ẹ ṣáà ṣírò ìkórè tí omi gbà láàyè àti èyí tí ajílẹ̀ gbà láàyè, kí ẹ mú èyí tó kéré nínú méjèèjì. Ó jẹ́ àbùjá, ṣùgbọ́n ó sàn ju módẹ́ẹ̀lì tó ń ṣèlérí tọ́ọ̀nù 8 lórí ilẹ̀ tí kò mú 3 wá rí, tí wọ́n á wá torí ẹ̀ kọ́ dáàmù.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìkórè di owó

Owó tó wọlé fún oko kan rọrùn, tọ́ọ̀nù ẹ fi iye owó sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ yọ ìnáwó irúgbìn, ajílẹ̀, òṣìṣẹ́ àti omi kúrò. Ibi tó ti le ni pé iye owó kì í dúró sójú kan nígbà tí ìkórè bá yí padà, ibi tí àwọn tó wá láti ẹ̀ka omi sì ti ń ṣìnà jù nìyí.

Ká ní ọ̀dá mú gbogbo agbègbè pátá, ìkórè fi 25% dín, ọjà wọn sì wà ní pípadé, oúnjẹ ò wọlé láti ìta. Oúnjẹ ni, àwọn èèyàn ò lè ṣàì jẹun, torí náà owó máa ga gan-an kí wọ́n tó dín ríra kù. Wọ́n ń fi elasticity wọn ìyẹn, ìyẹn ìdá tí ríra fi ń yí padà tí owó bá fi 1% ga. Tó bá jẹ́ −0.5, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí owó ni kéèyàn mú 1, kó fi 0.75 tó ṣẹ́ kù nínú ìkórè pín in lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn 1.78. Owó ọjà fi 78% lọ sókè. Gbogbo owó tó wọlé fún àwọn àgbẹ̀ lápapọ̀ á wá jẹ́ 0.75 × 1.78, nǹkan bíi 1.33. Ó pọ̀ sí i! Ọ̀dá mú kí owó àwọn àgbẹ̀ lápapọ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́ta pọ̀ sí i.

Tí ọjà bá ṣí sílẹ̀ wàyí, tí oúnjẹ ń wọlé fàlàlà, owó ò ní yí, owó tó wọlé fún wọn á sì fi 25% dín. Ojú ọjọ́ kan náà, omi kan náà, ìkórè kan náà, ìdáhùn méjì tó takora. Torí náà kí ẹ tó sọ pé ọ̀dá máa ná àwọn àgbẹ̀ ní iye báyìí, ẹ kọ́kọ́ sọ irú ọjà tí wọ́n ń tà sí. Bẹ́ẹ̀ ni "lápapọ̀" yẹn ń bo ìyà mọ́lẹ̀: ẹni tí oko rẹ̀ gbẹ tán kò rí nǹkan tà lówó gọbọi yẹn, àwọn tó ní omi tí wọ́n fi ń bomi rin oko ló kó èrè, àwọn tó ń ra oúnjẹ jẹ ló sì san án. Ó yẹ kí àgbẹ̀ tó gbójú lé òjò, àgbẹ̀ tó ń bomi rin oko, àti ẹni tó ń ra oúnjẹ jẹ ní kọ́lọ́ọ̀mù tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú módẹ́ẹ̀lì yín, ó kéré tán.

Iye owó náà tún lè gbéra láti ọ̀nà jíjìn. Ní 2010, ọ̀dá àti ooru ńlá mú ilẹ̀ Rọ́ṣíà, nígbà tó di oṣù kẹjọ ìjọba wọn fòfin de títa ọkà sílẹ̀ òkèèrè, owó wíìtì sì gbéra lọ́jà àgbáyé, títí dé àwọn ibi tí òjò ti rọ̀ dáadáa. Torí náà ẹ jẹ́ kí owó òkèèrè jẹ́ sìnáríò tirẹ̀, ìyẹn ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ tí ẹ ń dán wò, kí ẹ má so ó mọ́ òjò agbègbè yín nìkan.

Tó bá jẹ́ ọrọ̀ ajé gbogbo orílẹ̀-èdè lẹ fẹ́ mọ̀, bí ilé iṣẹ́, owó òṣìṣẹ́, owó orí, ìyẹn ń fẹ́ tébù tó fi hàn ẹni tó ń rà lọ́wọ́ ta ni, irú èyí tí Wassily Leontief gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 1973. GTAP ní Yunifásítì Purdue ní irú dátà bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ayé. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Níbi tí iṣẹ́ àgbẹ̀ bá ti kéré nínú ọrọ̀ ajé, kì í sábà yí ìdáhùn padà.

Ìgbésẹ̀ 6: Ta ni omi kàn?

Ẹ gba orí hẹ́kítà kan kúrò wàyí, ká bọ́ sí odò. Dáàmù náà ní ìṣirò ìkòkò tirẹ̀: omi tó wà + èyí tó wọlé − èyí tí wọ́n tú sílẹ̀ − èyí tí oòrùn fà − èyí tó kún dànù. Ẹ fi òfin sí i, omi mímu ará ìlú lákọ̀ọ́kọ́, omi tó gbọ́dọ̀ máa ṣàn nínú odò kí ẹja má bàa kú, lẹ́yìn náà oko. Nínú gbogbo omi tọ́mọ èèyàn ń fà kúrò lódò àti lábẹ́ ilẹ̀ kárí ayé, oko ló ń gba nǹkan bíi 70%, torí náà apá oko ni ìpinnu pọ̀ sí.

Báwo la ṣe máa mọ iye tí omi níye lórí? Ẹ padà sí àpẹẹrẹ wa. Omi mìlímítà 100 tí ó sọnù, ìyẹn kúbíìkì mítà 1,000, gba tọ́ọ̀nù 1.5 lọ́wọ́ wa. Tí tọ́ọ̀nù kan bá jẹ́ owó 100, owó 150 nìyẹn, kúbíìkì mítà kan sì níye lórí tó 0.15, kéèyàn tó yọ ìnáwó. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ 60% nínú omi tí ẹ fà lódò ló ń dé gbòǹgbò, 1,667 lẹ máa fà kí 1,000 tó débẹ̀, iye orí kúbíìkì mítà kọ̀ọ̀kan tí ẹ fà á já sí 0.09.

Níbí ni oríkèé tó ń tan àwọn èèyàn jù wà. 667 tí kò dé gbòǹgbò yẹn, ṣé ó ṣòfò? Kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Díẹ̀ nínú ẹ̀ gbẹ, ìyókù rì lọ sí abẹ́ ilẹ̀ tàbí ó ṣàn padà sódò, ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò ló ń lò ó. Tí ẹ bá wá ná owó lórí páìpù tó ń kán omi sí gbòǹgbò, tí iye tó ń dé gbòǹgbò lọ sí 90%, àgbẹ̀ òkè odò á ní omi tó ṣẹ́ kù, á fi gbin hẹ́kítà sí i, omi tó ń padà sódò á sì dín. Ẹni ìsàlẹ̀ odò á rí i pé omi òun gbẹ nígbà tí ìjọba ń kéde pé àwọn ti fi omi pamọ́. Grafton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa èyí nínú ìwé ìròyìn Science ní 2018. Ohun tí módẹ́ẹ̀lì yín gbọ́dọ̀ ní ni kọ́lọ́ọ̀mù méjì, omi tí wọ́n fà àti omi tí wọ́n jẹ tán tí kò padà mọ́. Módẹ́ẹ̀lì tó ní ọ̀kan ṣoṣo máa fọwọ́ sí gbogbo iṣẹ́ páìpù tí wọ́n bá gbé síwájú ẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà pín omi fúnra ẹ̀, Solver inú Excel tó fún ìbẹ̀rẹ̀, GAMS tàbí Pyomo fún èyí tó tóbi. Ẹ ní kó wá èrè tó pọ̀ jù lábẹ́ ìwọ̀n omi àti ilẹ̀ tó wà. Nọ́mbà tó wúlò jù tó máa fún yín ni shadow price, ìyẹn iye tí èrè máa fi pọ̀ sí i tí omi bá fi kúbíìkì mítà kan pọ̀ sí i. Tó bá jẹ́ òdo, omi kọ́ ni ìṣòro ibẹ̀, ẹ lọ wá ìṣòro síbòmíràn. Ohun kan máa yà yín lẹ́nu o: kọ̀ǹpútà á fẹ́ gbin irúgbìn kan ṣoṣo sí gbogbo ilẹ̀, torí òun ló lérè jù, bẹ́ẹ̀ kò sí àgbẹ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Richard Howitt gbé ọ̀nà kan jáde ní 1995 tí wọ́n ń pè ní PMP, tó ń wo ohun tí àwọn àgbẹ̀ gbìn gan-an, tó wá ń fi ìnáwó tí ń gòkè bí ilẹ̀ irúgbìn kan ṣe ń pọ̀ sí i kún un, títí módẹ́ẹ̀lì á fi gbin ohun tí wọ́n ń gbìn. Ẹ lò ó.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ pa ọfà pọ̀ kó di òbìrí

Títí di ìsinsìnyí ọ̀nà kan la ń gbà, láti òjò dé owó. Owó náà gbọ́dọ̀ padà sínú omi, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ módẹ́ẹ̀lì mẹ́rin lẹ ní tí wọ́n kàn tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọfà méjì ló ṣe pàtàkì jù. Ìkínní: owó ọjà ọdún yìí ló ń pinnu iye ilẹ̀ tí wọ́n máa gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, ilẹ̀ yẹn ló sì ń pinnu omi tí wọ́n máa fà. Ìkejì: omi abẹ́ ilẹ̀. Gbígbé kúbíìkì mítà 1,000 jáde láti mítà 50 nílẹ̀, pẹ̀lú pọ́ǹpù tó ń lo ìdajì agbára tó ń gbà, gba nǹkan bíi kìlówáàtì-wákàtí 272. Tí omi bá sá lọ sí mítà 70, ó di 381. Ìnáwó yẹn ló máa dá fífa omi dúró níkẹyìn, àfi tí ìjọba bá ń bá wọn san owó iná, nígbà náà kò sí ohun tó máa dá a dúró bíkòṣe kí kànga gbẹ. Ẹ jẹ́ kí iná mànàmáná wà nínú módẹ́ẹ̀lì yín nítorí èyí.

Nínú Excel, ẹ ṣe ṣíìtì kan fún ọdún kan, kí ìlà tó kẹ́yìn ọdún yìí, omi abẹ́ ilẹ̀, omi dáàmù, owó ọjà, di ìlà àkọ́kọ́ ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ìgbésẹ̀ 8: Ọjọ́ iwájú

Ẹ má kàn fi 2°C kún ooru kí ẹ sọ pé ó parí. Lóòótọ́ nínú fọ́múlà Hargreaves wa, 2°C á gbé 5.35 lọ sí 5.59, nǹkan bíi 4.5% péré, ẹni tó bá wò ó á rò pé kò le. Ṣùgbọ́n ooru náà ń mú kí àgbàdo tètè gbó, ọjọ́ tó fi ń kó oúnjẹ jọ dín, ìkórè dín. Ọjọ́ tí ooru bá pọ̀ jù náà ń ba ìtànná jẹ́, Schlenker àti Roberts fi dátà Amẹ́ríkà hàn ní 2009 pé ìkórè àgbàdo ń wálẹ̀ kíákíá tí ooru bá ti kọjá 29°C. Atẹ́gùn tó gbóná lè gbé ọ̀rinrin tó fi nǹkan bíi 7% pọ̀ sí i fún 1°C kọ̀ọ̀kan, torí náà òjò ńlá á túbọ̀ ńlá, àgbàrá á pọ̀, bí òjò gbogbo ọdún ò bá tiẹ̀ yí padà.

Módẹ́ẹ̀lì ojú ọjọ́ ti CMIP6, iṣẹ́ àjọṣe àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ kárí ayé, wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má mú ẹyọ kan nínú wọn, ẹ mú márùn-ún ó kéré tán, torí wọ́n lè máà fẹnu kò bóyá òjò ibi kan máa pọ̀ ni àbí ó máa dín. Ẹ sì ṣàtúnṣe wọn kí ọdún tó ti kọjá nínú wọn bá dátà òjò yín mu kí ẹ tó lo ọdún iwájú wọn. ISIMIP, iṣẹ́ àjọṣe mìíràn tó ń wo ipa àyípadà ojú ọjọ́, ní èyí tí wọ́n ti tún ṣe sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ dán an wò kí ẹnì kan tó fi ná owó

Ìdánwò àkọ́kọ́: omi tó wọlé gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú omi tó jáde àti èyí tó kù. Kí ìyàtọ̀ jẹ́ òdo, kì í ṣe "ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo." Lẹ́yìn náà ẹ pín ọdún dátà yín sí méjì, ẹ fi apá kan tún nọ́mbà tò, ẹ fi èkejì dán an wò láìfọwọ́ kàn án mọ́. Fún odò, nọ́mbà tí Nash àti Sutcliffe gbé jáde ní 1970 ni wọ́n ń lò, 1 ni pé ó bá a mu pátápátá, 0 ni pé ìpíndọ́gba lásán ì bá ṣe é dáadáa bákan náà. Ẹ tún wo ọdún ọ̀dá àti ọdún ìkún omi lọ́tọ̀, torí módẹ́ẹ̀lì lè ṣe dáadáa lọ́dún tó dára kó wá fọ́ lọ́dún tí wọ́n nílò ẹ̀ jù.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ yí nọ́mbà kọ̀ọ̀kan padà díẹ̀ sókè díẹ̀ sódò, Ky, elasticity, ìwọ̀n ìkòkò ilẹ̀, ìdá omi tó ń dé gbòǹgbò, kí ẹ wo èyí tó ń mi ìdáhùn jù. Lójú tèmi, elasticity àti ìwọ̀n omi tó ń padà sódò ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń fi ojú díwọ̀n. Ẹ wá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mú nọ́mbà láàárín ìwọ̀n tó ṣeé gbà gbọ́, kó sáré náà lẹ́ẹ̀gbẹ̀rún, kí ẹ lè sọ fún ẹni tó fẹ́ kọ́ dáàmù pé nínú ẹgbẹ̀rún ìgbà, ìgbà mélòó ni dáàmù náà san owó ara ẹ̀ padà, àti irú ọdún wo ni kò ti san án. Ẹ fi ṣíìtì kan kún un tó kó gbogbo àbá yín sí, nọ́mbà, ibi tí ẹ ti rí i, ọjọ́ tí ẹ yí i padà, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ pẹ̀lú èsì náà, kí àgbẹ̀ tó mọ ilẹ̀ yẹn lè rí ibi tí ẹ ti ṣì í kí wọ́n tó da kankéré.